Omi àti ìkápá ohun ìbàjẹ́ nínú iṣẹ́ òkúta irin

Kẹ́mísírì omi nínú iṣẹ́ òkúta irin ni ẹ̀ka ìmọ̀ tí ó ń wo ohun tí omi ń gbé, ohun tí ó ń yòrò sínú rẹ̀ àti ohun tí ó ń rọlẹ̀ kúrò nínú rẹ̀ nígbà tí a bá ń fi í fọ òkúta tí irin wà nínú rẹ̀. Omi ni irinṣẹ́ tí irú iléeṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ń lò jù lọ. Òun ni ó ń gbé òkúta lílọ̀ láti ẹ̀rọ dé ẹ̀rọ, òun ni ó ń ya irin kúrò lára iyanrìn, òun náà ni ó sì ń gbé èyí tí a kò fẹ́ jáde. Nítorí náà, omi kan náà ni ó ń pinnu bí irin yóò ṣe mọ́ tó, àti irú omi tí àwọn tí ó wà ní ìsàlẹ̀ odò yóò máa pọn.

Ní Nàìjíríà, Itakpe ní Ìpínlẹ̀ Kogí ni ibi tí a mọ̀ jù lọ mọ́ iṣẹ́ yìí. Òkè-Ìlá Ọ̀ràngún, olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́dayọ̀ ní ilẹ̀ Ìgbómìnà, Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, kì í ṣe ìlú iléeṣẹ́ irin. Ṣùgbọ́n kẹ́mísírì kan náà ni ó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí omi kànga ẹlẹ́rọ bá mọ́ gaara bí ó ti ń jáde, tí ó sì di pupa rúsúrúsú kí ilẹ̀ tó mọ́.

## Fífọ òkúta irin láyé àtijọ́

Kí àwọn òyìnbó tó dé ni àwọn Yorùbá ti ń yọ́ irin nínú ìléru. Ìsúndùnrin, nítòsí Èjìgbò ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun òde òní, wà lára àwọn ìlú tí a mọ̀ mọ́ iṣẹ́ náà. Ní ọdún 1904, C. V. Bellamy tẹ àkọsílẹ̀ kan jáde nípa ilé ìyọ́rin kan tí ó rí ní Ola-Igbi, nítòsí Ọ̀yọ́. Gẹ́gẹ́ bí ó ti ṣàlàyé rẹ̀, wọn a kọ́kọ́ sun òkúta náà, wọn a gún un nínú odó, wọn a sì fi omi fọ̀ ọ́ kí ó tó wọ iná.

Ìdí tí wọ́n fi ń fọ̀ ọ́ kò yàtọ̀ sí ti òde òní. Hẹ́mátáìtì, ọ̀kan nínú àwọn òkúta tí irin pọ̀ nínú wọn, wúwo tó nǹkan bí ìlọ́po 5 omi, nígbà tí iyanrìn funfun wúwo tó ìlọ́po 2.65 péré. Bí omi bá ń ṣàn lórí àwọn méjèèjì, iyanrìn á bá omi lọ, irin á sì dúró. Ohun tí ó yàtọ̀ ni ìwọ̀n iṣẹ́ náà. Èyí tí a fi odó gún kéré, kì í sì í kúnná púpọ̀. Èyí tí ẹ̀rọ ń lọ̀ lóde òní ń tó mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù lọ́dún, ó sì kúnná bí èlùbọ́.

## Iṣẹ́ omi ní iléeṣẹ́: àpẹẹrẹ Itakpe

Òkúta irin Itakpe jẹ́ àdàlù mágínẹ́táìtì (Fe₃O₄), hẹ́mátáìtì (Fe₂O₃) àti iyanrìn líle. Irin tí ó wà nínú rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí ìdá 36 nínú ọgọ́rùn-ún. Ìléru ńlá ti Ajaokuta ń fẹ́ èyí tí irin inú rẹ̀ tó ìdá 63 sí 64, nígbà tí iléeṣẹ́ irin Aladja, nítòsí Warri, ń fẹ́ èyí tí ó tó ìdá 67 sí 68. Fún ìdí yìí ni wọ́n fi kọ́ iléeṣẹ́ ìfọ̀kúta sí Itakpe, tí wọ́n sì ṣètò pé kí ó máa pèsè ohun tí ó lé ní mílíọ̀nù 2 tọ́ọ̀nù òkúta fífọ̀ lọ́dún. Dáàmù Osara ni wọ́n ṣètò láti máa fún un ní omi.

Ìṣirò kan fi hàn bí ohun tí ó ń ṣẹ́kù ti pọ̀ tó. Bí a bá tilẹ̀ rí gbogbo irin inú tọ́ọ̀nù 100 òkúta kó láìku ẹyọ kan, tọ́ọ̀nù 56 péré ni yóò jẹ́ òkúta fífọ̀ tí irin rẹ̀ tó ìdá 64. Tọ́ọ̀nù 44 yòókù ni a lè pè ní eèrí òkúta, gẹ́gẹ́ bí eèrí àgbàdo tí ó ń kù nínú asẹ́ nígbà tí a bá sẹ́ ògì. Iléeṣẹ́ tí ó bá ń ṣe mílíọ̀nù 2 tọ́ọ̀nù òkúta fífọ̀ lọ́dún yóò ní eèrí tí ó lé ní mílíọ̀nù 1.5 tọ́ọ̀nù. Nínú iṣẹ́ gidi, ó máa ń ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí irin díẹ̀ máa ń bá eèrí lọ. Omi ni ó sì ń gbé gbogbo rẹ̀ jáde.

Ọ̀nà mẹ́ta ni a sábà máa ń gbà ya irin sọ́tọ̀. Àkọ́kọ́ ni ìwúwo, níbi tí omi eléruku òkúta ti ń yí po sọ̀kalẹ̀ nínú ojú àgbàrá onírin tí a lọ́ bí ìkarahun ìgbín. Èkejì ni òòfà, tí ó ń fa mágínẹ́táìtì mọ́ra. Ẹ̀kẹta ni ìléfòó. Nínú ìléfòó, a ń da kẹ́míkà kan tí a ń pè ní amáìnì sínú omi tí pH rẹ̀ tó nǹkan bí 10. Kẹ́míkà náà ń lẹ̀ mọ́ iyanrìn, ìhó afẹ́fẹ́ sì ń gbé iyanrìn náà lé òkè omi bí ìfófó ọṣẹ. Kí irin má baà bá a gòkè, a ń fi sítáàṣì bò ó lára. Ní Bràsíl, sítáàṣì àgbàdo ni wọ́n ń lò jù.

## Ohun tí ó ń wọ inú omi

Ohun ìbàjẹ́ tí ó ń wọ inú omi pín sí oríṣìí márùn-ún.

Èérún òkúta tí ó léfòó. Èyí ni ó pọ̀ jù, òun ni ó sì ń mú kí omi rú. Bí èérún bá ti kéré tó ni ó ṣe ń pẹ́ kí ó tó rọlẹ̀. Nínú omi tí ó dúró jẹ́ẹ́, èérún iyanrìn tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́wàá mìlímítà kò ní lò tó ìṣẹ́jú 3 kí ó tó rìn mítà kan sísàlẹ̀. Èyí tí ó jẹ́ ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún mìlímítà yóò lo nǹkan bí wákàtí 3. Èyí tí ó jẹ́ ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún yóò lo nǹkan bí ọjọ́ 13. Ìdí nìyí tí omi tí a ti fi lọ òkúta kúnná kì í fi í tòrò fúnra rẹ̀ kíákíá.

Mẹ́táàlì tí ó yòrò. Irin àti mángánísì ni ó wọ́pọ̀ jù. Bí òkúta ibẹ̀ bá ní àséníìkì, òjé tàbí níkẹ́ẹ̀lì, àwọn náà lè wọ inú omi, wọ́n sì léwu ju irin fúnra rẹ̀ lọ.

Ásíìdì. Bí páíráìtì (FeS₂) bá wà nínú òkúta, tí afẹ́fẹ́ àti òjò sì kàn án, ó máa ń di ásíìdì sọ́fúríìkì àti ìpẹtà:

4FeS₂ + 15O₂ + 14H₂O → 4Fe(OH)₃ + 8H₂SO₄

Omi kíkan bẹ́ẹ̀ ń yọ mẹ́táàlì mìíràn kúrò lára òkúta tí ó bá gbà kọjá. Ọ̀pọ̀ òkúta irin tí ó jẹ́ ọ́sáìdì kò ní páíráìtì púpọ̀, ṣùgbọ́n òkúta tí ó yí wọn ká lè ní in. Ó yẹ kí a yẹ̀ ẹ́ wò kí a tó kó o jọ sí gbangba.

Àjẹkù ohun ìfọ́kúta. Amóníọ̀mù náíténréètì ni ó pọ̀ jù nínú ohun tí a fi ń fọ́ àpáta. Èyí tí kò bá jó tán máa ń yòrò sínú omi òjò, ó sì ń di náíténréètì àti amóníà nínú odò.

Kẹ́míkà iléeṣẹ́. Amáìnì tí a fi ń mú iyanrìn léfòó lè pa ẹja bí ó bá dé odò. Epo ẹ̀rọ náà wà lára ẹ̀ka yìí.

Fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì tún jẹ́ ìṣòro ọ̀tọ̀. Òkúta irin Agbaja, nítòsí Lọ́kọ́ja, ní fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì púpọ̀, èyí sì ń mú kí irin rọrùn láti ṣẹ́. Nítorí pé ó wọra pọ̀ mọ́ irin náà, fífọ̀ lásán kò lè yọ ọ́. Bí a bá fi ásíìdì yọ ọ́, inú omi ni yóò bọ́ sí. Odò tí fọ́sífétì bá pọ̀ nínú rẹ̀ a máa hu ewédò ju bí ó ti yẹ lọ, ọ́síjìn inú rẹ̀ á sì dínkù fún ẹja.

## Irin, afẹ́fẹ́ àti pH

Ọ̀nà méjì ni irin gbà ń wà nínú omi. Àkọ́kọ́, Fe²⁺, máa ń yòrò, kì í sì í ní àwọ̀ tí ojú lè tètè rí. Èkejì, Fe³⁺, kì í yòrò nínú omi tí kò kan. Ó ń di ìpẹtà pupa tí ó ń rọlẹ̀. Ọ́síjìn ni ó ń sọ ti àkọ́kọ́ di èkejì:

4Fe²⁺ + O₂ + 10H₂O → 4Fe(OH)₃ + 8H⁺

pH, ìyẹn òṣùwọ̀n tí ó ń fi bí omi ti kan tó hàn, ni ó ń darí ìyára rẹ̀. Láàárín pH 5 sí 8, bí pH bá fi 1 péré lọ sókè, ìyára náà á di nǹkan bí ìlọ́po 100. Nínú omi kíkan, irin lè wà ní yíyòrò fún ọjọ́ púpọ̀. Nínú omi tí kò kan, tí afẹ́fẹ́ sì wọ̀ dáadáa, ó lè rọlẹ̀ láàárín wákàtí díẹ̀. Mángánísì le ju irin lọ: bí a bá fẹ́ fi afẹ́fẹ́ nìkan mú un rọlẹ̀, pH gbọ́dọ̀ tó nǹkan bí 9 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Èyí ni àlàyé omi kànga tí ń yí àwọ̀ padà. Orí àpáta ìpìlẹ̀ ti ayé àtijọ́ ni Òkè-Ìlá, Ìlá Ọ̀ràngún àti àwọn ìlú Ìgbómìnà yòókù tẹ̀dó sí, ilẹ̀ pupa tí irin pọ̀ nínú rẹ̀ sì bo ọ̀pọ̀ ibẹ̀. Nínú irú ilẹ̀ báyìí, omi tí ó jìn nílẹ̀ lè ṣaláìní ọ́síjìn, kí ó sì yọ irin kúrò lára òkúta. Bí ẹ̀rọ bá fà á jáde, ó mọ́ gaara. Bí afẹ́fẹ́ bá kàn án, ó di pupa, ó sì ń kun aṣọ funfun. Bí a bá jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọ̀ ọ́, tí ó sì dúró dìgbà tí ìpẹtà rẹ̀ bá rọlẹ̀ kí a tó fi iyanrìn sẹ́ ẹ, èyí tí ó pọ̀ jù nínú irin náà yóò kúrò. Iléeṣẹ́ ńlá pẹ̀lú sábà máa ń lo ọ̀nà yìí. Ó kàn ń ṣe é ní ìwọ̀n tí ó tóbi ni.

Ìpẹtà tí ó rọlẹ̀ ní àǹfààní kan, ó sì ní ewu kan. Ó máa ń fa àséníìkì àti àwọn mẹ́táàlì kan mọ́ra kúrò nínú omi. Ṣùgbọ́n bí a bá bo ẹrẹ̀ náà mọ́lẹ̀ níbi tí ọ́síjìn kò sí, irin rẹ̀ lè tún yòrò, kí ó sì dá ohun tí ó gbé padà sínú omi.

## Omi àlòtúnlò

Iléeṣẹ́ òde òní kì í da omi rẹ̀ nù lẹ́yìn ìlò ẹ̀ẹ̀kan. Wọ́n ń dá a padà láti ibi tí ó ti tòrò, wọ́n sì ń tún un lò. Èyí ń dín omi tí a ń fà nínú odò kù, ó sì ń dín èyí tí a ń tú síta kù. Àmọ́ ní gbogbo ìgbà tí omi bá yí po, iyọ̀ inú rẹ̀ ń pọ̀ sí i. Kálísíọ̀mù àti mágínísíọ̀mù ni ó ń fa wàhálà jù nínú ìléfòó. Bí ọṣẹ kì í ti í hó dáadáa nínú omi tí àwọn méjèèjì bá pọ̀ nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni kẹ́míkà ìléfòó kì í mọ ìyàtọ̀ láàárín irin àti iyanrìn dáadáa mọ́. Amọ̀ kíkúnná tí ó bá padà pẹ̀lú omi tún máa ń bo irin lára. Nítorí náà, omi tí a kò tọ́jú ń ba ọjà iléeṣẹ́ jẹ́ kí ó tó ba odò jẹ́.

## Ọ̀nà ìkápá

Ìlànà àkọ́kọ́ ni pé kí omi mímọ́ má ṣe kan ìdọ̀tí rárá. A ń gbẹ́ ojú àgbàrá yí ibi ìwakùsà ká kí omi òjò tí ó ń bọ̀ láti òkè lè gba ẹ̀gbẹ́ kọjá.

Ìlànà kejì ni ìtòrò. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti ṣe ògì mọ bí a ti ń fi í sílẹ̀ kí ó rọlẹ̀, kí omi orí rẹ̀ tó ṣeé dà. Iléeṣẹ́ ń ṣe bákan náà nínú agbada ńlá àti nínú adágún eèrí. Èérún tí ó kéré jù máa ń ní agbára iná mọ̀nàmọ́ná irú kan náà lára, nítorí náà ńṣe ni wọ́n ń ti ara wọn. Álọ́ọ̀mù tàbí iyọ̀ irin máa ń pa agbára yìí, àwọn èérún á sì so pọ̀, wọn á wúwo, wọn á sì rọlẹ̀. Álọ́ọ̀mù yìí kan náà ni ọ̀pọ̀ ilé fi ń tọ́jú omi odò.

Ìlànà kẹta ni ìtọ́jú pH. A ń da láìmù, ìyẹ̀fun funfun tí a ń rí láti inú òkúta ẹfun sísun, sínú omi kíkan, lẹ́yìn náà a ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i kí irin àti mẹ́táàlì yòókù lè rọlẹ̀.

Ìlànà kẹrin ni ìṣọ́. A gbọ́dọ̀ wọn omi ní òkè àti ní ìsàlẹ̀ iléeṣẹ́, ní ìgbà òjò àti ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Bí a kò bá sì wọn omi náà kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, kò ní rọrùn lẹ́yìn náà láti mọ ohun tí iṣẹ́ náà fà àti èyí tí ilẹ̀ náà ti ní tẹ́lẹ̀.

Ìṣọ́ yìí kò gbọ́dọ̀ dópin nígbà tí ẹ̀rọ bá dákẹ́. Iṣẹ́ lè dúró ní ibùdó kan fún ọ̀pọ̀ ọdún. Òjò kò ní torí rẹ̀ dáwọ́ rírọ̀ sórí òkìtì eèrí dúró.

## Ohun tí ó ti ṣẹlẹ̀ níbòmíràn

Ní Silver Bay, ìpínlẹ̀ Minnesota ní Amẹ́ríkà, iléeṣẹ́ Reserve Mining ń da eèrí òkúta irin sínú adágún Superior láti àárín àwọn ọdún 1950. Ó tó nǹkan bí tọ́ọ̀nù 67,000 lójoojúmọ́. Ní 1973, a rí fọ́nrán tí ó jọ ásíbẹ́sítọ́ọ̀sì nínú omi mímu ìlú Duluth. Lẹ́yìn ẹjọ́ gígùn, iléeṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí í kó eèrí rẹ̀ sí orí ilẹ̀ ní 1980.

Ní Bràsíl, dáàmù eèrí Fundão ní Mariana ya ní ọjọ́ 5 oṣù kọkànlá 2015. Ènìyàn 19 kú, ẹrẹ̀ náà sì gba odò Doce lọ títí dé òkun, ó lé ní kìlómítà 600. Ní ọjọ́ 25 oṣù kìíní 2019, dáàmù mìíràn ya ní Brumadinho, ènìyàn 270 sì kú. Omi tí ó rin àárín eèrí gbingbin wà lára ohun tí ó sọ àwọn dáàmù méjèèjì di aláìlágbára. Èyí fi hàn pé kì í ṣe ohun tí ó yòrò nínú omi nìkan ni ó ń pani.

## Òfin àti òṣùwọ̀n

Òfin Àyẹ̀wò Ipa Iṣẹ́ lórí Àyíká ti 1992 àti Òfin Ohun Alùmọ́nì àti Ìwakùsà ti 2007 ni ó de iṣẹ́ yìí ní Nàìjíríà. Àjọ NESREA sì ní ìlànà ti 2009 lórí ìwakùsà àti iṣẹ́ òkúta alùmọ́nì. Òṣùwọ̀n méjì ni ó yẹ kí òǹkàwé fi wé ara wọn:

- Omi mímu, gẹ́gẹ́ bí òṣùwọ̀n Nàìjíríà ti 2007: irin kò gbọ́dọ̀ ju 0.3 mílígíráámù nínú lítà kan. Mángánísì kò gbọ́dọ̀ ju 0.2, náíténréètì kò gbọ́dọ̀ ju 50, pH láti 6.5 sí 8.5.
- Omi tí ibi ìwakùsà lè tú síta, gẹ́gẹ́ bí ìlànà IFC, ẹ̀ka Báǹkì Àgbáyé: irin kò gbọ́dọ̀ ju 2 mílígíráámù nínú lítà kan, èérún tí ó léfòó kò gbọ́dọ̀ ju 50, pH láti 6 sí 9.

Omi tí ó bá òṣùwọ̀n kejì mu lè ní irin tí ó tó nǹkan bí ìlọ́po 7 ti omi mímu. Bí irin inú rẹ̀ bá tó 2 mílígíráámù, lítà kan rẹ̀ yóò nílò nǹkan bí lítà 6 omi tí kò ní irin rárá kí ó tó dé 0.3. Ní ìgbà òjò, odò lè ní omi tó bẹ́ẹ̀. Ní ìgbà ọyẹ́, nígbà tí odò kékeré bá fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ, kò ní í ní in. Nítorí náà, kò tó pé kí iléeṣẹ́ pa òṣùwọ̀n ìtúsíta mọ́. Ó gbọ́dọ̀ wo bí odò tí ó ń gba omi náà ti tóbi tó.

## Pàtàkì rẹ̀ fún ilẹ̀ Ìgbómìnà àti Ọ̀ṣun

Orí òkè ni Òkè-Ìlá wà, ibẹ̀ sì ni ìtàkìtì omi Ayíkúnnugbá wà pẹ̀lú. Omi tí ó bá bàjẹ́ ní orí òkè kì í dúró síbẹ̀. Ìsàlẹ̀ ni ó ń lọ.

Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ti rí àpẹẹrẹ èyí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wúrà ni ó fà á, kì í ṣe irin. Fífọ ilẹ̀ fún wúrà ní agbègbè Ìjẹ̀ṣà wà lára ohun tí ó mú kí odò Ọ̀ṣun rú, tí ó sì di aláwọ̀ ẹrẹ̀. Odò yìí gba inú igbó Ọ̀ṣun Òṣogbo kọjá, èyí tí UNESCO kà mọ́ ogún àgbáyé ní 2005. Ní 2022, ìjọba ìpínlẹ̀ náà kìlọ̀ fún àwọn ènìyàn pé kí wọ́n má ṣe mu omi rẹ̀. Èérún kíkúnná tí kì í tètè rọlẹ̀, tí a ṣàlàyé lókè, ni ó ń mú irú omi bẹ́ẹ̀ rú. Adágún ìtòrò, ojú àgbàrá àti ìṣọ́ tí iṣẹ́ irin nílò ni iṣẹ́ wúrà náà nílò. Bí omi ìfọkúta bá ti bọ́ sínú odò, kò sí adágún tí ó lè gbà á padà mọ́. Inú ọgbà iṣẹ́ ni a ti ń ká ìdọ̀tí rẹ̀ mọ́.